Ẹ jẹ́ ká fún Bernard Shaw ní ẹnu Yorùbá: lẹ́tà ṣíṣí sí Ẹgbẹ́ Akọ́mọlédè

Sí Ẹgbẹ́ Akọ́mọlédè àti Àṣà Yorùbá, Nàìjíríà.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà. A kì í mọ iyì ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lédè abínibí títí ọmọ náà yóò fi dàgbà, tí yóò wá rí i pé òun kò lè kọ lẹ́tà sí ìyá òun. Mo kọ́kọ́ kí yín kí n tó tọrọ ohun tí mo fẹ́ tọrọ.

Ohun tí mo ń tọrọ kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ jẹ́ ká tú eré Bernard Shaw kan sí Yorùbá, odindi, láti apá kìíní dé apá karùn-ún, kí àwọn ọmọ wa kà á ní kíláàsì, kí wọ́n sì ṣe é lórí ìtàgé. Pygmalion ni eré tí mo ní lọ́kàn. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò béèrè pé kí ló pa ará Ireland tó ti kú láti ọdún 1950 pọ̀ mọ́ iṣẹ́ yín. Ẹ fún mi láyè, mo máa débẹ̀.

Ohun kan ló ń dùn mí. Bóyá ni ọ̀sẹ̀ kan ń kọjá tí àwòrán bàbá onírùngbọ̀n funfun yìí kì í bọ́ sórí fóònù mi, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọgbọ́n kan lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. À ń pín in kiri bí àkàrà sàráà, a ò béèrè ẹni tó dín in. Wọ́n ní òun ló sọ pé ṣe la fi ìgbà èwe ṣòfò sára àwọn èwe. Wọ́n ní òun ló sọ pé èdè kan náà ló pín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà níyà. Àwọn tó ti tú ìwé rẹ̀ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́ kò rí èyíkéyìí níbẹ̀. Èyí tí àwa tí a fẹ́ràn èdè fẹ́ràn jù ni ti ẹja, pé Shaw ní èèyàn lè kọ fish ní ghoti: kó mú gh láti inú enough, o láti inú women, ti láti inú nation. Ó dùn, ó sì jọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan wà tí wọ́n kọ ní 1855 tí àwàdà yìí ti wà nínú rẹ̀, ọdún 1856 ni wọ́n sì tó bí Shaw.

Èyí tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an ńkọ́? Púpọ̀ nínú rẹ̀, ẹnu èèyàn inú eré ló ti jáde, ẹni yẹn sì ní ẹni tó ń bá fa ọ̀rọ̀. Bí a bá já gbólóhùn náà kúrò níbẹ̀, ó dà bí ìgbà tí a yọ òwe kúrò nínú ẹjọ́ tí àgbà ń dá lọ́wọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Ẹṣin tí kò sí ẹni lórí rẹ̀, tí kò sì sí ọ̀rọ̀ tó sọnù tó ń wá lọ, kí la fẹ́ fi ṣe?

Ẹ wo èyí tí mo fẹ́ràn jù: «Bí mo ṣe ń ṣàwàdà ni pé mo máa ń sọ òótọ́. Kò sí àwàdà tó pani lẹ́rìn-ín tó o láyé.» Bí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí yín báyìí, ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n Shaw kọ́ ló ń sọ ọ́, Keegan ni. Àlùfáà ni Keegan tẹ́lẹ̀, wọ́n ti gba iṣẹ́ àlùfáà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn èèyàn sì gbà pé orí rẹ̀ kò pé. Nínú John Bull's Other Island ni, eré tí Shaw kọ nípa Ireland nítorí pé Yeats, akéwì ará Ireland, bẹ̀ ẹ́ kó kọ nǹkan fún ìtàgé Dublin. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti wá ṣe é níkẹyìn, ní 1904. Gẹ̀ẹ́sì kan tó ní òun fẹ́ tún Ireland ṣe wá sí abúlé, gbogbo ará abúlé ń fi í rẹ́rìn-ín, òun ló sì kó gbogbo ilẹ̀ wọn níkẹyìn. Keegan nìkan ló rí i tó ń bọ̀. Ìtàn sọ pé Ọba Edward Keje lọ wò ó, ẹ̀rín pa á débi pé àga tó jókòó lé kán. Ọba rẹ́rìn-ín, òótọ́ sì ti wọlé. Bí Shaw ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ibo ló ti kọ́ ọ? Nínú ilé bàbá rẹ̀ ni, ní Dublin. Oníṣòwò ọkà ni bàbá náà, ẹni tó ń wàásù fún ọmọ rẹ̀ pé ọtí kò dára, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń mu ún ní kọ̀rọ̀. Shaw kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó dàgbà bí bàbá òun ṣe dé sí ilé tí wọ́n ní ní Dalkey lọ́jọ́ kan, ó há pẹ́pẹ́yẹ ńlá kan tí wọn kò wé dáadáa mọ́ abíyá kan, ó há itan ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ ìkejì, ó wá ń fi orí kan ògiri ọgbà, ó rò pé ẹnu ọ̀nà lòun ń tì. Fìlà gíga tó wà lórí rẹ̀ ká wálẹ̀ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ọmọdékùnrin náà dúró níbẹ̀. Ó lè sunkún, ìtìjú ni. Ẹ̀rín ló rín, ó rín in débi pé agbára káká ló fi lè sáré lọ gba fìlà náà là. Ó ní ẹni tó bá ti rí irú èyí rín ní kékeré kò ní fi ohun kékeré ṣe ìbànújẹ́ ńlá nígbà tó bá dàgbà.

Inú ọ̀rọ̀ ilé yẹn náà ló ti sọ gbólóhùn kan tó mú mi jókòó sí tábìlì pẹ̀lú kálámù fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń pe àṣírí ìtìjú ìdílé ní egungun òkú tó wà nínú ilé. Shaw ní bí o kò bá lè lé e jáde, kúkú mú un jó. Mo tú u lọ, mo tú u bọ̀, lẹ́yìn náà ni èdè wa fúnra rẹ̀ là mí lójú: bí o kò bá lè lé egungun kúrò nínú ilé, gbé e sọ́jà kó di egúngún, kó máa jó. Shaw kò ní ìyẹn lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ohùn orí ọ̀rọ̀ nìkan ló yí, ìtìjú sì ti di ará ọ̀run. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé bàbá yìí lè gbé lọ́dọ̀ wa kí ara sì tù ú.

Kò pẹ́ nílé ẹ̀kọ́. Nígbà tó tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó ti di akọ̀wé ní ọ́fíìsì àwọn tó ń bá onílẹ̀ gba owó ilẹ̀ ní Dublin. Ibi àwòrán, National Gallery of Ireland, ló máa ń rìn lọ, ó sì sọ nígbà tó dàgbà pé ibẹ̀ lòun ti gba púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ gidi kan ṣoṣo tí òun rí gbà lọ́mọdé. Nígbà tó ń ṣe ìwé ìhágún, ó fi ìpín kan nínú mẹ́ta owó ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ní 1876 ó kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó kọ ìtàn àròsọ márùn-ún, kò sí òǹtẹ̀wé tó kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ń tì í láti sọ̀rọ̀ láwùjọ, ó wá fi tipátipá kọ́ ara rẹ̀: kò sí ìpàdé tó gbọ́ tí kò lọ, á sì dìde béèrè ìbéèrè bí ọkàn rẹ̀ tilẹ̀ ń lù kìkì. Ó ń wàásù ní ọgbà ìgbafẹ́, ó ń wàásù ní ìgboro, títí ẹ̀rù fi kúrò. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn ọmọ tó jókòó níwájú yín tí wọn kì í nawọ́ sókè. Ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní ẹlẹ́nu mímú yìí, ó kọ́ ọ ni.

Nígbà tó yá, ẹnu náà mú lóòótọ́. Ní April 1894 wọ́n ṣe eré rẹ̀, Arms and the Man, fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, àtẹ́wọ́ gba ilé, wọ́n ní kí òǹkọ̀wé bọ́ síta. Bó ṣe yọjú, ọkùnrin kan ṣoṣo pariwo «húù» láti ibi ìjókòó òkè. Shaw wò ó, ó ní: «Ọ̀rẹ́ mi, èmi náà gbà pẹ̀lú rẹ, ṣùgbọ́n kí ni àwa méjì lè ṣe láàárín èrò tó pọ̀ tó yìí?» Ẹ wo ọgbọ́n inú rẹ̀. Kò bú ọkùnrin náà, kò sì tọrọ àforíjì. Ó fi í ṣe ẹlẹgbẹ́.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan wà tó máa ń ta àwọn olùkọ́ lára, mi ò sì fẹ́ fo o: «Ẹni tó lè ṣe é ń ṣe é; ẹni tí kò lè ṣe é ń kọ́ni.» Òun ló kọ ọ́, ní 1903, kò sí àní-àní. Wọ́n ti fi gún yín lójú tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ yìí wà lára àwọn mẹ́rin tó dá London School of Economics sílẹ̀ ní 1895, ó sì fi ọdún púpọ̀ kọ́ èèyàn lẹ́kọ̀ọ́ láìgba kọ́bọ̀. Inú ìwé kékeré tó jẹ́ ti John Tanner, ẹni inú eré Man and Superman, ló wà. Tanner yìí, ẹnu ló ní: ó sọ̀rọ̀ ìyípadà ayé láti ìbẹ̀rẹ̀ eré títí dé òpin, obìnrin tó ń sá fún sì mú un gbé níyàwó lójú gbogbo ayé. Ẹ wá wo ẹni tí Shaw fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí lẹ́nu. Nínú ìwé kékeré yẹn kan náà ni èyí wà: ẹni tó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ máa ń bá ayé mu, aláìgbọràn ló ń takú pé ayé ni yóò bá òun mu, nítorí náà ọwọ́ aláìgbọràn ni gbogbo ìlọsíwájú wà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń kọ́ Yorùbá níbi tí àwọn òbí ti ń sanwó kí ọmọ má gbọ́ ọ, ibo lẹ rò pé ẹ wà nínú gbólóhùn yẹn?

Ẹ ò ní gbọ́ lẹ́nu mi pé ẹni mímọ́ ni. Ó lọ sí Rọ́ṣíà ní 1931, ó rí Stalin, olórí ìjọba ibẹ̀, ó padà wá ń yìn ín, ebi sì pa ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn kú lábẹ́ ìjọba yẹn kò tó ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà. Ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn èèyàn tó kà sí aláìwúlò ní ọ̀nà tó ń kó ìrìra báni. Ojú tó ríran rí gbogbo irọ́ Lọ́ńdọ̀nù fọ́ nígbà tó dé Moscow. Kí àwọn ọmọ mọ èyí náà. Bí a bá kọ́ wọn ní eré rẹ̀ tí a fi èyí pamọ́, a ti tún fi àwòrán orí fóònù kọ́ wọn nìyẹn.

Wàyí o, Pygmalion.

Òjò ń rọ̀ lálẹ́, àwọn èèyàn sá sábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ní Covent Garden. Ọmọbìnrin kan ń ta òdòdó, Eliza lorúkọ rẹ̀. Ọkùnrin kan dúró lẹ́yìn òpó, ó ń kọ gbogbo ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rù ba Eliza, ó rò pé ọlọ́pàá ni, ó ń ké pé ọmọ dáadáa lòun. Higgins lọkùnrin náà, olùkọ́ ohùn ọ̀rọ̀ ni, ó ní bí ẹnikẹ́ni bá ti yanu òun lè sọ ibi tí wọ́n ti bí i láàárín máìlì mẹ́fà; bó bá jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù, láàárín máìlì méjì, nígbà mìíràn láàárín òpópónà méjì. Ó fọ́nnu pé láàárín oṣù mẹ́ta òun lè sọ ọmọ olódòdó yìí di ẹni tí wọn yóò pè ní ọmọ ìdílé ọba níbi àríyá. Shaw kọ ọ́ sí iwájú eré náà pé Gẹ̀ẹ́sì kan kò lè yanu kí Gẹ̀ẹ́sì mìíràn má kórìíra rẹ̀ tàbí kó má fojú tín-ín-rín rẹ̀.

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ ti kàn mí. Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Nígbà tí wọ́n gbé mi lọ sí Èkó, mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ kan ní kí n ka ẹ̀kọ́ nípa iṣu. Mo pè é ní «isu». Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí n dúró síwájú, kí n tún un pè, mo tún un pè, «isu». Ó na ọ̀pá sí ojú pátákó, ó fi ẹfun kọ «ṣ» gàdàgbà, ó ní kí n máa wo àmì ìsàlẹ̀ yẹn kí n sì máa pè é títí aago yóò fi lù. Aago lù. Àwọn ọmọ jáde lọ jẹun, wọ́n ń pe «isu, isu» lọ lójú ọ̀nà. Mo ti lè pe ṣ báyìí, mo tilẹ̀ ń fi èdè jẹun. Ṣùgbọ́n fún ọdún púpọ̀, bí mo bá lọ sílé tí màmá mi àgbà bá mi sọ̀rọ̀, èmi ni mo ń tún ọ̀rọ̀ ṣe sí wọn lẹ́nu. Wọn ò bá mi jà rí. Wọ́n kàn máa ń dákẹ́.

Eliza bọ́ sínú irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀. Higgins borí nínú ọ̀rọ̀ tó fọ́nnu lé, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń yin ara wọn, kò sí ẹni tó bojú wo ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ lára. Kò lè padà sídìí òdòdó mọ́, kò sì ní ibi tuntun tí yóò lọ. Lẹ́yìn èyí ló wá sọ gbólóhùn tó gbé eré náà ró, kì í ṣe Higgins ló sì sọ ọ́ fún. Colonel Pickering, ọ̀rẹ́ Higgins yẹn, ló sọ ọ́ fún, nítorí òun ló pè é ní Miss Doolittle lọ́jọ́ kìíní. Ó ní yàtọ̀ sí aṣọ àti ọ̀rọ̀ ẹnu tí ẹnikẹ́ni lè kọ́, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìyálọ́lá àti ọmọ tó ń ta òdòdó kò sí nínú bó ṣe ń hùwà, inú bí wọ́n ṣe ń hùwà sí i ló wà. Higgins gbèjà ara rẹ̀, ìdáhùn tirẹ̀ náà kì í ṣe ti òmùgọ̀: ó ní àṣírí ibẹ̀ kì í ṣe pé kéèyàn níwà rere tàbí ìwà burúkú, bí kò ṣe kó máa hu ìwà kan náà sí gbogbo ọmọ èèyàn, bí ẹni pé ọ̀run la wà, níbi tí kò sí ọkọ̀ ojú irin kíláàsì kẹta. Ta ló jàre? Mo ti kà á tó ìgbà mẹ́wàá, Eliza ni mo ń gbè lẹ́yìn, síbẹ̀ mi ò lè ti Higgins dànù. Irú àròyé tí a nílò ní kíláàsì nìyẹn.

Bàbá Eliza tún wà níbẹ̀, Doolittle, akódọ̀tí. Ó gbọ́ pé ọmọ òun wà lọ́dọ̀ ọkùnrin olówó, ó sáré wá gba owó orí rẹ̀. Wọ́n bi í pé ṣé kò níwà ni, ó ní agbára òun kò ká a. Ó ní òtòṣì tí kò yẹ kí wọ́n ṣàánú lòun, ebi tó ń pa òun kò sì kéré sí ti opó tó gba owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláàánú mẹ́fà lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo nítorí ikú ọkọ kan ṣoṣo. Pọ́n-ùn márùn-ún ló béèrè. Wọ́n fẹ́ fún un ní mẹ́wàá, ó kọ̀ ọ́: mẹ́wàá yóò mú òun máa ro ọjọ́ iwájú, ayọ̀ tán nìyẹn. Mo ka ibẹ̀ ní Yorùbá fún àwọn ará ilé mi, ẹ̀rín pa wọ́n. Lẹ́yìn ẹ̀rín ni ọmọ mi obìnrin béèrè pé, «Ẹ gbọ́, ta ló ń pinnu òtòṣì tó yẹ ká ṣàánú?» A sùn lórí ìbéèrè yẹn.

Ẹnìkan lè ní eré tó dá lórí bí wọ́n ṣe ń pe Gẹ̀ẹ́sì kò ṣeé tú. Èsì wà fún un. Èdè Jámánì ni wọ́n fi kọ́kọ́ ṣe Pygmalion láyé, ní Vienna, ní October 1913. Ó tó oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà kí Lọ́ńdọ̀nù tó rí i. Shaw fúnra rẹ̀ ka iṣẹ́ ìtumọ̀ sí pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ti 1925, ó gba ẹ̀yẹ náà, kò gba owó rẹ̀ sápò. Ó ní kí wọ́n fi dá àjọ tí yóò máa tú ìwé àwọn ará Sweden sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwa náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe é: Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti fi ẹnu Yorùbá fún eré Wọlé Ṣóyínká nínú Ikú Olókùn-Ẹṣin. Ṣóyínká yìí kan náà ti ka ìwé eré fún Royal Court ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà èwe rẹ̀, ìtàgé tó jẹ́ pé láàárín 1904 sí 1907, nínú ìgbà 988 tí wọ́n ṣe eré níbẹ̀, ìgbà 701 ló jẹ́ eré Shaw.

Ti òfin kò tún dí wa lọ́wọ́ mọ́. Ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé a máa gbé fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, àti nílé wa àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Shaw ṣubú nínú ọgbà rẹ̀ ní Ayot St Lawrence níbi tó ti ń gé ẹ̀ka igi, ó ti di ẹni ọdún 94, ó sì kú ní November 1950. Láti ọjọ́ kìíní oṣù January 2021 ni ẹnikẹ́ni ti lè tú u, kó tẹ̀ ẹ́, kó ṣe é, láìtọrọ àṣẹ. Ọdún ti ń lọ.

Ìdí kan ṣì wà tí mo fi wá bá ẹ̀yin, tí mi ò lọ bá àwọn onítíátà tààrà. Títí Shaw fi kú, álífábẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀tá rẹ̀. Lẹ́tà 26 fún ìró tó lé ní 40, ó ní ìwà òmùgọ̀ ni. Ó fi sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé kí wọ́n fi owó òun ṣe álífábẹ́ẹ̀tì tuntun tí kò ní dín ní lẹ́tà 40. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù, £8,300 péré ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un, wọ́n sì fi tẹ eré rẹ̀ kan ní lẹ́tà tuntun náà ní 1962. Kò sí ẹni tó ń kọ ọ́ mọ́ àfi àwọn díẹ̀ tó fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó ń wá kiri títí tó fi kú nìyẹn, kí ojú rí ohun tí etí gbọ́, ohun tó sún mọ́ ọn gan-an sì wà lọ́wọ́ wa láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún: ẹ, ọ, ṣ, àmì òkè, àmì ìsàlẹ̀. À ń kọ ọ́ láìfi àmì sí i, a sì ń sọ pé ó ń dá wa dúró. Owó, ọwọ́, ọ̀wọ̀, ọwọ̀. Bí Shaw bá rí mẹ́rin yìí tí wọ́n dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo rò pé yóò bọ́ fìlà.

Mo ti tú apá kejì àti apá karùn-ún. Mo fi wọ́n tọrẹ fún yín, ẹ fà wọ́n ya níbi tó bá yẹ. «Ọmọ dáadáa ni mí» tí Eliza ń ké ní gbogbo ìgbà, mo fi í sí «ọmọlúàbí ni mí o, ọmọlúàbí», nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ tó ń kiri lábẹ́ òjò kó má ronú. Mo jẹ́ kó sọ Ìbàdàn. Mi ò fi ṣe ẹlẹ́yà, ẹ̀ka èdè tó péye ni mo fi sí i lẹ́nu, bí màmá mi àgbà ṣe ń sọ ọ́. Bí ẹ bá ní kó jẹ́ Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì tàbí Ìlàjẹ, ẹ wá ẹni tó ni ín kó bá wa kọ ọ́. Ẹ kàn má ṣe jẹ́ kó jẹ́ èyí tí àwọn aláwàdà ń sín jẹ lórí rédíò.

Mo wá nílò ìrànlọ́wọ́ yín lórí ọ̀rọ̀ kan ní apá kẹta. Eliza ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, wọ́n mú un lọ kí ìyá Higgins nílé, ó jókòó bí ìyálọ́lá, ó ń pe gbogbo ìró bó ṣe yẹ. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ọmọkùnrin kan béèrè bóyá yóò fẹsẹ̀ gba inú ọgbà kọjá. Ó fi ohùn dídán náà fọhùn pé kí òun fẹsẹ̀ rìn kẹ̀, «not bloody likely», takisí lòun máa wọ̀. Ní April 1914 tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yẹn lórí ìtàgé Lọ́ńdọ̀nù, ilé kọ́kọ́ pa rọ́rọ́, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú jáde tí kò sì tán bọ̀rọ̀. Mo ti gbìyànjú «àgbẹdọ̀», ó mọ́ jù, ìyá ìjọ lè sọ ọ́. Mo ti gbìyànjú «olóríburúkú ló ń fẹsẹ̀ rìn», ó wúwo jù, ẹni tó béèrè yóò rò pé òun ni wọ́n bú. Ní báyìí «orí burúkú yẹn ò sí lọ́rùn mi» ló wà níbẹ̀, ọkàn mi kò sì tíì balẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ ọjà ni mò ń wá, tí gbogbo èèyàn mọ̀, tí kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ ní pálọ̀ àlejò. Ó gbọ́dọ̀ wà ní ìlú ẹnìkan nínú yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá wa lọ́jà kí ẹ tó pàdé nígbà tó ń bọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
ọmọ Ìbàdàn kan tó ń fi ìtumọ̀ èdè ṣiṣẹ́ ṣe.